Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Láti Ìgbà Wo Dé Ìgbà Wo?

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìṣirò ni a fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, kí ó ní, "Ti àwọn ọmọ ilé-ìwé nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìṣirò tí a ń wí yìí wọ inú yàrá ìyá ọlọ́mọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé tiwa, bẹ́ẹ̀ ni òun kan náà ni ó ran ọmọ kan lọ́wọ́ nínú ilé kejì sí wa.

Ọmọ wa ọkùnrin, ẹni tí ó wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé girama, ni ó gbé ìwé rẹ̀ tọ̀ wá wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Olùkọ́ wọn ti kọ́ wọn ní ohun tí a lè pè ní ìwọ̀n ìyípadà ní ìpíndọ́gba. Ó ti kọ́ ìlànà rẹ̀ sórí, ó sì ń kà á bí ẹni tí ń ka katikísìmù: "Mú iye ti ìkẹyìn, yọ iye ti ìṣáájú kúrò nínú rẹ̀. Mú àkókò ti ìkẹyìn, yọ àkókò ti ìṣáájú kúrò nínú rẹ̀. Fi èyí èkejì pín èyí èkínní." Gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ni ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í léèrè pé, "Kí ni ìdáhùn yìí ń sọ fún ọ?" ó dákẹ́, ó wo ìwé, ó tún wò wá, ó ní, "Bàbá, wọn kò tíì sọ ìyẹn fún wa."

A fi ọ̀nà ojú irin ṣe àpẹẹrẹ fún un. Ojú irin tuntun tí a ṣí ní 2021 láti Èkó dé Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 157. Bí ọkọ̀ bá gba wákàtí méjì àti ààbọ̀ lórí rẹ̀, tí a sì fi 2.5 pín 157, ohun tí a ó rí ni 62.8. Èyí ni pé, ní ìpíndọ́gba, ọkọ̀ náà rin kìlómítà 62.8 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ mọ̀ pé kì í sáré bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A rọra kúrò ní Èkó. A sáré nínú igbó. A dúró ní Abẹ́òkúta kí èrò lè sọ̀, kí èrò sì lè wọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ fi dúró, kò rin ẹsẹ̀ bàtà kan. Nọ́ńbà 62.8 kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun gbogbo. Ó da eré àti ìdúró pọ̀, ó sì pín wọn ní dọ́gba-dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ó da ọbẹ̀ ìkòkò méjì pọ̀ kí ó tó bù ú fún àwọn ọmọ. Ẹni tí ó jẹ nínú rẹ̀ kò lè mọ èyí tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, a sọ fún ọmọ wa pé nígbàkúùgbà tí a bá fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́, kí ó béèrè pé, "Láti ìgbà wo dé ìgbà wo?" Ó ní òun gbọ́. Àwa pẹ̀lú rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí a fi rí i pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Aya àbúrò wa, ẹni tí ń gbé nínú àgbàlá kan náà pẹ̀lú wa, bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan ni. Ìyá wa àgbà, tí ó ti tọ́ ọmọ, tí ó ti tọ́ ọmọ ọmọ, wo ọmọ náà títí, ó sì wí lójú gbogbo ilé pé: "Ọmọ yìí kò dàgbà mọ́. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ni ó ń tóbi lójú wa. Láti ìgbà náà wá, ibi tí ó wà ni ó wà. Ọmú ìyá rẹ̀ ti di omi lásán. Ẹ gbà á lẹ́nu ọmú. Ṣé ẹ kò rí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé kejì ni?" Ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìyá wa ń wí ni ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan, tí a bí ní ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ tí ó sanra, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún dáadáa.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gún ni lọ́kàn tó. Obìnrin náà kò dá ìyá wa lóhùn, nítorí ó mọ ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́, ó wọlé tọ̀ wá wá pẹ̀lú omi lójú, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ gbà mí. Bí ọmú mi kò bá dára, kí ẹ sọ fún mi kí n mọ̀." Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyá ọmọbìnrin ti ilé kejì, bá a wá láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àwọn méjèèjì mú káàdì ìwọ̀n ọmọ wọn lọ́wọ́, èyí tí nọ́ọ̀sì ń kọ iye kílò sí nígbà tí a bá gbé ọmọ lọ wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa káàdì yìí, nítorí ó yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá mọ ìtàn rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Ìlẹ́ṣà, èyí tí ó ti di apá kan ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Òun àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n sì ń fi àmì sí orí káàdì tí a fa ìlà sí. Orúkọ tí a fún káàdì náà ni Ọ̀nà sí Ìlera. A kò tì í mọ́ inú àpótí ilé-ìwòsàn. Ìyá ni a fi lé lọ́wọ́ kí ó pa á mọ́ sí ilé, nítorí ìyá ni ó ń gbé ọmọ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ sì ni pé kì í ṣe ibi tí àmì ọmọ wà nìkan ni kí a máa wò, bí kò ṣe ibi tí ìlà rẹ̀ dojú kọ: ṣé ó ń gòkè ni, ṣé ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀? Láti ìgbà náà, irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè.

A pe ọmọ wa pé kí ó mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wá. A tẹ́ káàdì méjèèjì sí orí tábìlì. Ìyá wa àgbà náà jókòó tì wá. Ohun tí a rí nìyí. Ọmọkùnrin: ní ọjọ́ ìbí, kílò 2.8, ní oṣù mẹ́fà, 6.8, ní oṣù mẹ́sàn-án, 7.6, ní oṣù méjìlá, 8.2. Ọmọbìnrin: ní ọjọ́ ìbí, kílò 3.4, ní oṣù mẹ́fà, 7.8; ní oṣù mẹ́sàn-án, 9.0, ní oṣù méjìlá, 9.0.

Ọmọ wa kò fi àkókò ṣòfò. Ó yọ 2.8 kúrò nínú 8.2, ó ku 5.4, ó fi oṣù 12 pín in. Gíráàmù 450 ní oṣù kọ̀ọ̀kan ni ti ọmọkùnrin. Ó yọ 3.4 kúrò nínú 9.0, ó ku 5.6, ó fi 12 pín in. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 467 ní oṣù kọ̀ọ̀kan fún ọmọbìnrin. Ó gbé lẹ́ẹ̀dì kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, ìyá àgbà ni ó jàre. Ọmọbìnrin ni ó ń dàgbà jù." Ìyá wa rẹ́rìn-ín músẹ́. Aya àbúrò wa tẹ orí ba.

A bi ọmọ náà pé, "Láti ìgbà wo dé ìgbà wo?" Ó ní, "Láti ọjọ́ ìbí dé ọdún kan." A ní, "Ọkọ̀ ojú irin náà ńkọ́? Lọ wo ibi tí ó ti dúró." Nígbà náà ni ojú rẹ̀ là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọdún náà sí wẹ́wẹ́.

Ó mú ti ọmọkùnrin ṣáájú. Láti ọjọ́ ìbí dé oṣù mẹ́fà, kílò 4.0 ni ó fi kún un. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 667 ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù mẹ́fà dé oṣù méjìlá, 1.4 péré ni. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 233. Ìyá wa ké, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mo ń wí nìyẹn!" Ní òtítọ́, ojú àgbà kò fọ́. Ìyá wa ti rí ohun tí ó wà níbẹ̀: ìdàgbà ọmọ náà ti rọra jù ti ìṣáájú lọ. Ibi tí ó ti ṣì í ni pé ó rò pé ó yẹ kí ó má ṣe rọra.

Ní 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwọ̀n ìdàgbà àwọn ọmọ jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn àwọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Bràsíìlì, Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Ómáànì àti Amẹ́ríkà. Nínú ìwọ̀n náà, ọmọkùnrin tí ó wà láàárín gbùngbùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kílò 3.3 ní ọjọ́ ìbí, 7.9 ní oṣù mẹ́fà, àti 9.6 ní oṣù méjìlá. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, nǹkan bí gíráàmù 767 ní oṣù kọ̀ọ̀kan; ní oṣù mẹ́fà èkejì, nǹkan bí 283. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ tí ohunkóhun kò ṣe! Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fi gíráàmù 767 kún ara rẹ̀ lóṣooṣù láìdáwọ́ dúró, nígbà tí ó bá pé ọdún márùn-ún, yóò ti ju kílò 49 lọ, ìwọ̀n ọ̀dọ́langba. Ohun tí ó ń wọ̀n ní tòótọ́ ní ọjọ́ orí náà jẹ́ nǹkan bí kílò 18. Ìdàgbà ọmọ a máa yára ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà a sì máa rọra. Ẹni tí ó bá fi eré oṣù kẹta wọn eré oṣù kẹwàá yóò máa bẹ̀rù lásán.

Ọmọ tiwa kéré ju ti àárín gbùngbùn lọ. A kò sẹ́. Kékeré ni a bí i. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́sàn-án dé oṣù méjìlá, ó fi gíráàmù 200 kún un ní oṣù kọ̀ọ̀kan; ọmọ ti àárín gbùngbùn sì fi nǹkan bí 233 kún tirẹ̀ ní ìgbà kan náà. Ìlà rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bá ìlà tí a tẹ̀ sí orí káàdì gòkè lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò sí ìdí kankan níbẹ̀ tí a ó fi gba ọmọ lẹ́nu ọmú. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ni pé kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn èyí kí a fi oúnjẹ mìíràn kún un, kí ó sì máa mu ọmú lọ títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá ọmọbìnrin ti ilé kejì ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé ẹkún ti tán. Àfi bí ọmọ wa ti dédé dákẹ́, tí lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dúró sójú kan. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti ọmọbìnrin. Láti oṣù mẹ́fà dé oṣù mẹ́sàn-án, gíráàmù 400 ní oṣù kọ̀ọ̀kan, èyí dára púpọ̀. Láti oṣù mẹ́sàn-án dé oṣù méjìlá: 9.0, yọ 9.0 kúrò, ó ku òfo. Òfo, fi mẹ́ta pín in, òfo ni. Ó wo ojú wa, kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin òbí. Ọmọ yìí kò rù. Kílò 9.0 ni ó wọ̀n ní ọdún kan, nígbà tí ọmọbìnrin ti àárín gbùngbùn jẹ́ 8.9. Bí a bá wo ìwọ̀n rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó dára. Bí a bá wo ìpíndọ́gba ọdún kan gbáko, ó dára pẹ̀lú. Ó tilẹ̀ ju ti ọmọ tiwa lọ. Gbogbo àdúgbò ni ó ń yìn ín. Síbẹ̀, fún oṣù mẹ́ta gbáko, ọmọ náà dúró bí ọkọ̀ tí ó dúró ní ibùsọ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ èyí tí ó ti kó jọ ní ìṣáájú ni ó bò ó mọ́lẹ̀.

A rọra bi ìyá rẹ̀ léèrè, kí a má baà dẹ́rù bà á. Ó ronú, ó ní, "Bàbá, láti ìgbà tí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ti mú un ní oṣù kẹsàn-án ni kò ti fẹ́ oúnjẹ mọ́. Ògì nìkan ni ó ń gbà. Mo rò pé ó ti tó, nítorí ó ṣì sanra." Àwa kì í ṣe dókítà, a kò sì fún un ní oògùn kankan. Ohun tí a sọ fún un ni pé kí ó gbé ọmọ àti káàdì lọ sí ilé-ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó sì fi ìka rẹ̀ tọ́ka sí oṣù mẹ́ta náà. Ìyá wa àgbà ni ó bá a lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nọ́ọ̀sì yẹ ọmọ náà wò, ó fún un ní ìtọ́jú tí ó yẹ, ó sì kọ́ ìyá rẹ̀ pé ògì lásán kò tó fún ọmọ tí ó ti tó ọdún kan. Kí ó máa fi ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná, ẹja, ẹyin àti epo díẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀. Kí ó máa fún un ní díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Kí ó má sì ṣe já a lẹ́nu ọmú. Nígbà tí oṣù kan pé, a tún wọ̀n ọmọ náà. Kílò 9.3. Ìlà náà ti tún gbé orí sókè.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun mélòó kan wà tí a fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan mú lò. Èkínní, ìpíndọ́gba kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ẹni tí ó bá ní, "Ọmọ mi ń fi gíráàmù 450 kún ara rẹ̀ lóṣooṣù," kí a bi í pé láti oṣù wo dé oṣù wo.

Èkejì, àkókò gígùn a máa bo ohun tí àkókò kúkúrú ń fi hàn. Ṣùgbọ́n àkókò tí ó kúrú jù a máa dẹ́rù bani lásán. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun a máa dín díẹ̀ nínú ìwọ̀n ìbí wọn ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, wọn a sì gbà á padà nígbà tí wọ́n bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí a bá ṣírò ti ọjọ́ mẹ́ta yẹn nìkan, àmì ìyọkúrò ni a ó rí níwájú ìdáhùn, èyí tí ń sọ pé nǹkan ń dínkù; ẹni tí kò mọ̀ yóò sì ké gbàjarè. Aṣọ tí ó wúwo àti ọmú tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu yó lè yí ìwọ̀n ọjọ́ kan padà. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe máa wọ̀n ọmọ lójoojúmọ́. Ẹ wọ̀n ọn ní ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá dá fún yín. Bí ìlà ọmọ kékeré bá sì tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìwọ̀n kan dé èkejì, tàbí tí ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹta, a kì í fi ago aláago ṣiṣẹ́. Ọmọ tí ó tóbi lè dúró, ọmọ tí ó kéré lè máa gòkè. Ẹ fi ọmọ wé ara rẹ̀ ti àná àti ìlà tí a tẹ̀ sí orí káàdì, kí ẹ tó fi wé ọmọ ti ilé kejì.

Ẹ̀yin olùkọ́ pẹ̀lú, a bẹ̀ yín. Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má ṣe fi ìlà àti àmì nìkan kọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n mú káàdì àbúrò wọn wá láti ilé. Ìlà tí ó gòkè ṣánṣán ni ìyípadà tí ó yára, ìlà tí ó rọra gòkè ni ìyípadà tí ó rọra, ìlà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni òfo. Ọmọ tí ó bá rí i lórí káàdì àbúrò rẹ̀ kò ní gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò.

Ní ti ilé wa, àlàáfíà ti padà. Ìyá wa àgbà kò tọrọ àforíjì, a kò sì retí kí ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ti ilé-ìwòsàn dé, òun fúnra rẹ̀ se ọbẹ̀ ẹja gbé fún aya àbúrò wa, ó ní kí ó jẹun dáadáa kí omi ọmú lè wá. Láti ìgbà náà, nígbàkúùgbà tí a bá gbé ọmọ náà ti ibi ìwọ̀n dé, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ béèrè káàdì, tí ó sì máa ń pe ọmọ wa pé kí ó wá ṣírò rẹ̀ fún òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ẹ mú káàdì yín jáde kúrò nínú àpótí ní alẹ́ òní. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé, kí ó mú lẹ́ẹ̀dì. Ó dìgbà mìíràn.